Èékánná Àbúrò Mi

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa SS 2 kọ nǹkan nípa ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, mo mọ̀ pé àwọn kan máa kọ nípa Èkó tí wọ́n lọ, àwọn kan á kọ nípa ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn àti ìrẹsì tí wọ́n jẹ níbẹ̀. Èmi ò lọ síbì kankan. Jos ni mo wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú òjò àti òtútù oṣù kẹjọ. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ méjì lọ: ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ ti àbúrò mi. Tèmi ti jinná. Ti àbúrò mi ló ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi pẹpẹ bẹ̀rẹ̀.

Màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé wa. Ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, òróró, súgà, ọṣẹ, gbogbo nǹkan tí ará àdúgbò lè sáré wá rà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí ẹ bá mọ Jos, ẹ ó mọ̀ pé Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn bàbá-ńlá wọn wá ṣòwò nígbà tí wọ́n ń wa tánganran nílẹ̀ náà. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni tiwa. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, Hausa là ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo délé, pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà já lulẹ̀ lóru. Ikán ti jẹ ẹ́ láti inú, a ò mọ̀. Gálọ́ọ̀nù òróró kan ya, òróró ṣàn lọ sábẹ́ àpò gàrí. Màmá mi ò pariwo. Wọ́n kàn ń bu gàrí tó ti mu òróró sínú abọ́, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Káfíńtà tí wọ́n pè wá wo ibẹ̀ ní òun máa gba ₦18,000 fún iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Pákó ò sí níbẹ̀ o, ìṣó ò sí níbẹ̀.

Bó ṣe jáde báyìí, mo ní, "Màmá, ẹ má pè é mọ́. Èmi á kàn án fún yín."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní JSS 3, mo kan àpótí ìjókòó kan, olùkọ́ wa sì gbé e lọ sí yàrá àwọn olùkọ́. Ó wà níbẹ̀ dòní, ẹ lè lọ wò ó. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ jókòó lé e, ẹ má fara ti apá òsì.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n máa ń wálé. Wọ́n ní àpótí irinṣẹ́ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: òòlù, ayùn, pílásì, tépù ìwọn-nǹkan, àti ìṣó tó ti dípẹtà nínú agolo mílíìkì. Mo fà á jáde. Èmi àti àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá gba ọjà Katako lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Hausa mọ̀ pé pákó ni katako, kò sí àṣírí kankan nínú orúkọ ọjà náà. Pákó àlòkù ni owó wa ká. A gbé e lórí wá sílé, ẹ̀ẹ́rún igi sì ti gún mi látẹ́lẹwọ́ kí a tó dé ìdajì ọ̀nà. Ìyẹn ò tó nǹkan. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, mo fi ẹnu fá a, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Bí èèyàn bá fẹ́ fi ayùn rẹ́ igi, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń fa ayùn sí, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí eyín rẹ̀ lè rí ojú ibi tó máa wọ̀. Mo mọ èyí. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, mo ń kánjú, mo kàn ti ayùn síwájú gbàgà. Ó fò kúrò lórí ìlà, ó bọ́ sórí ìka ọwọ́ òsì mi tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí pákó náà, tó, tó, tó.

Màmá mi ò sí nílé, wọ́n lọ ra ọjà. Ìyá kan ládùúgbò wa, tó fẹ́ràn wa gan-an, ló gbọ́ ariwo, ló gbé kẹrosíìnì jáde. Kí n tó sọ pé rárá, ó ti dà á sí i. Igbe tí mo ké, ajá àdúgbò dá mi lóhùn. Ó wá fi àkísà wé e fún mi, ó ní, "Ó ti tán." Ká ní ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ṣẹlẹ̀ ni, ewé Akíntọ́lá ni wọn ì bá já, kí wọ́n fi ọwọ́ ra á, kí wọ́n fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ewé yẹn kan náà ni àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Ewé kan, olóṣèlú méjì. Mo ti bi ìyá mi àgbà pé ta ló tọ̀nà, wọ́n ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

Nígbà tí Màmá mi dé, wọ́n bi mí pé kí ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ó kàn ha mí díẹ̀ ni, Mà." Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, ìka mi ti wú díẹ̀ nínú àkísà, n kò sì lè fi ọwọ́ òsì di ìṣó mú. Ẹni tó bá gbọ́n á dúró. Èmi pe àbúrò mi.

"Wá bá mi di ìṣó mú."

"Àǹtí, ẹ má gbá mi lọ́wọ́ o."

"Ṣé mo jọ ẹni tí kò mọ òòlù lò ni?"

Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ìṣó náà mú. Ìṣó ínṣì 3 ni. Ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ń wọlé. Ká ní mo ti sọ fún un nígbà yẹn pé kó yọwọ́ ni, ìṣó náà ti lè dá dúró fúnra rẹ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé òòlù sókè lẹ́ẹ̀kẹrin nígbà tí oníbàárà kan kígbe láti iwájú ṣọ́ọ̀bù pé, "Akwai sukari?" Mo yíjú. Ọwọ́ mi sì ti ń bọ̀ nílẹ̀.

Kò sunkún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn ò jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé n kò bà á. Lẹ́yìn náà ni mo rí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, bó ṣe ń kúrò ní funfun lọ sí pupa, láti pupa lọ sí dúdú, títí ó fi dúdú bí ojú ẹ̀wà. Igbe wá jáde. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ohun tí ojú ń tì mí láti kọ jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn: ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Mo sọ fún oníbàárà náà pé súgà ti tán. Súgà ò tán.

Mo ki ìka rẹ̀ bọ omi tútù, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní ₦200. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má sọ fún Màmá." Ó wo owó náà, kò gbà á. Ó fi imú fa ikun, ó wá béèrè pé, "Kí ni kí n wá sọ?"

Mo ní, "Sọ pé ilẹ̀kùn ló há ẹ lọ́wọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àmàlà àti gbẹ̀gìrì la jẹ. Ẹ̀yin náà mọ ilé Yorùbá. Àbúrò mi fọ ọwọ́ òsì, ó nà án sínú abọ́.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Ó fà á padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ṣíbí, Mà."

"Ṣíbí? Àmàlà? Gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ jáde kí n rí i."

Ó gbé e jáde láti abẹ́ tábìlì. Màmá mi gbé àtùpà sún mọ́ ọn torí pé iná ò sí.

"Ilẹ̀kùn ló há mi lọ́wọ́, Mà."

"Ilẹ̀kùn wo?"

Ó ronú díẹ̀. "Ilẹ̀kùn balùwẹ̀."

Balùwẹ̀ wa ò ní ilẹ̀kùn. Kọ́tìnnì ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Màmá mi wò ó, wọ́n wò mí. Mo ń gé òkèlè, mo ń fi í sínú ọbẹ̀, n kò gbé e dé ẹnu. Mo ń retí pé kí wọ́n pariwo, kí wọ́n béèrè, kí gbogbo ẹ̀ tú jáde kó parí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n mú ṣíbí wá, wọ́n gé àmàlà náà sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ wọn.

Yàrá kan ni èmi àti àbúrò mi ń sùn. Òjò ń rọ̀, òtútù Jos yẹn mú. Kò lè sùn. Tó bá gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó ń ké. Tó bá gbé e sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́. Mo bá a gbé apá rẹ̀ sókè, mo fi ìrọ̀rí tì í. Ó ní, "Àǹtí, ó ń lù." Mo ní kí ló ń lù. Ó ní, "Inú èékánná mi. Ó ń lù kì, kì, kì." Nígbà tó pẹ́, ó tún ní, "Ṣé wọ́n máa gé e?"

Mo ní rárá. Kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ló máa fi gbà mí gbọ́?

Mo dìde, mo lọ sí yàrá Màmá mi, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Màmá, òòlù ni. Èmi ni mo gbá a. Èmi ni mo ní kó sọ pé ilẹ̀kùn ni."

Wọn ò sùn. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, a gba ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí lọ. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn kì í rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí àbúrò mi ká orí ìka náà, kó tún nà án. Ó tẹ eegun rẹ̀ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń wo ojú ọmọ náà dípò kó máa wo ìka. Ó ní òun ò rò pé eegun dá. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ èékánná ni kò rí ibi gbà jáde, òun ló ń tẹ ẹran ara, ìdí nìyẹn tó fi ń lù ú bí ìlù. Ó wá fi iná sun ẹnu abẹ́rẹ́ títí ó fi pọ́n, ó fi kan àárín èékánná náà. Àbúrò mi ti mí èémí sínú láti fi ké igbe. Kò ké e. Èékánná fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Ihò kékeré kan là, ẹ̀jẹ̀ dúdú sun jáde, ojú ọmọ náà sì tú ká lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti dákẹ́," ló wí. "Àǹtí, kò lù mọ́."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi pé mi ò gbọdọ̀ dán irú ẹ̀ wò nílé láéláé, torí bí eegun bá ti sán lábẹ́ èékánná, ihò yẹn lè di ọ̀nà tí kòkòrò àrùn máa gbà dé inú eegun. Ó ní èékánná yẹn ṣeé ṣe kó bọ́, tuntun á sì hù, kí a fún un ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà.

Mo ti ń rò pé ó parí. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ló wà nínú àkísà yẹn?"

Ó tú u. Òórùn kẹrosíìnì gba gbogbo yàrá. Ẹ ò rí bó ṣe wò mí! Ó ní ta ló kọ́ mi? Ó ní kẹrosíìnì ń jó ẹran ara ni, kò wo nǹkan kan. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ ló yẹ kí n kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, kí n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 gbáko láìṣí i wò, kí n gbé ọwọ́ sókè. Ó ní àwa ọmọ ilé-ìwé, ìṣẹ́jú kan péré la fi ń tẹ̀ ẹ́ ká tó ṣí i wò, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ó bi mí bóyá ayùn náà ti dípẹtà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ìpẹtà ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ní irọ́ ni. Kòkòrò kan tó ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran ló ń fà á. Irin tó ti dípẹtà sábà máa ń jẹ́ irin tó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe so méjèèjì pọ̀. Ìṣó tuntun tó bá ní ẹrẹ̀ lára lè ṣe é pẹ̀lú. Ojú ọgbẹ́ tó jìn, tí atẹ́gùn ò dé, ni kòkòrò náà fẹ́ràn jù. Tó bá sì ti mú èèyàn, ẹnu á dì, ara á gan. Ó béèrè ìgbà tí mo gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Màmá mi ní láti kékeré ni. Ó ní abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 tí wọ́n máa ń fún ọmọ tuntun kò lè ṣọ́ mi títí dọjọ́ alẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Mo sunkún. Àbúrò mi, tó gbé àtàǹpàkò tí wọ́n fi báńdéèjì funfun wé sókè bí ẹni tó fẹ́ dìbò, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àga mú.

Lójú ọ̀nà, Màmá mi ò bá mi jà. Nígbà tí a dé ìyànà ilé wa, wọ́n ní, "Òòlù lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ti ṣi bàbá ẹ lọ́wọ́ rí. Àmọ́ irọ́ lo fi kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n pa. Ṣé o rí bó ṣe ń wá ilẹ̀kùn káàkiri orí ẹ̀?" Wọ́n di ọwọ́ àbúrò mi mú, wọ́n ń lọ. Mo rọra ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. N kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi.

Lálẹ́, Bàbá mi pè. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Kí ló dé tí ẹ ò lo òòyà?" Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé nìyẹn: a ó ki ìṣó sáàárín eyín òòyà, a ó di orí òòyà náà mú láti ọ̀ọ́kán, ìṣó á dúró, ìka á sì jìnnà sí òòlù. Tí kò bá sí òòyà, pílásì á ṣe é. Pílásì wà nínú àpótí yẹn láti ọjọ́ kìíní. Mo tiẹ̀ ti sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí òòlù mú.

Ọjọ́ mẹ́rin ni pákó náà fi wà nílẹ̀ tí n kò fọwọ́ kàn án. Mo ti pinnu pé èmi nìkan ni màá ṣe ìyókù, n kò ní pe ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ń wọn igi lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi jáde sí mi pẹ̀lú òòyà Màmá wa lọ́wọ́ òsì. Mo ní kó padà wọlé. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé òòyà náà fún mi, ó mú òòlù nílẹ̀.

"Ẹ dì í mú, Àǹtí. Èmi ni màá gbá a."

Mo wo báńdéèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo òòlù. Mo fẹ́ sọ pé kò lè gbé e dáadáa. Màmá mi ti yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fọwọ́ gbé kọ́tìnnì sókè, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ki ìṣó sáàárín eyín òòyà, mo gbé e lé orí pákó, mo dì í mú. Mo ní, "Ó yá."

Mo di ojú mi bí òun náà ṣe dì í. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí ìdúró yẹn ṣe gùn tó, láti ìgbà tí òòlù bá gòkè títí tó fi máa bọ̀.

Ìṣó mẹ́fà ló gbá. Mẹ́rin wọlé tààrà, méjì tẹ̀, a fi pílásì fà wọ́n yọ. Eyín òòyà méjì kán. Pẹpẹ náà dúró, ó kàn tẹ̀ sápá kan díẹ̀ bíi àpótí mi tó wà ní yàrá àwọn olùkọ́. Màmá mi kó ìrẹsì, súgà àti ọṣẹ lé e. Òróró ṣì wà nílẹ̀. N kò béèrè ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ àbẹ̀wò tó kọjá, ẹ̀yin kan rí àbúrò mi nígbà tí wọ́n wá. Òun ni ọmọ tó ń gbé àtàǹpàkò rẹ̀ han gbogbo ènìyàn lábẹ́ igi máńgòrò. Èékánná tuntun ti dé ìdajì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí págunpàgun létí. Nígbà tí Màmá mi lọ kí olùkọ́ wa, ó fà mí sẹ́yìn mọ́tò, ó mú bébà kan tó ká kékeré jáde láti àpò ṣòkòtò rẹ̀. Èékánná àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, dúdú, gbígbẹ, pẹ̀lú ihò abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín.

Mo ní, "Kí ni kí n fi ṣe?"

Ó ní, "Tiyín ni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ gbá a."

Ó wà nínú páálí kọ́ńpáàsì mi, lábẹ́ rọ́bà ìpàwérẹ́.